Ọdún Tí Ọgbà Ìyá Àgbà Fẹ́ Di Ibùdó Mọ́tò

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ní Sawaba níbí ní Kumasi, tòmátì ló máa ń sọ fún wa pé ọdún ti fẹ́ parí. Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń ka èyí, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì ń sọ̀rọ̀ bí arúgbó. Èmi náà ti rò ó. Mo rò ó títí, ojú tì mí díẹ̀, kí n tó wá rí i pé bí n kò bá sọ ọ́, kò sẹ́ni tí yóò sọ ọ́, nítorí pé àwọn àgbà tọ́rọ̀ náà ṣojú wọn kò kà á sí ohun tó yẹ ní sísọ.

Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ló ni ọgbà náà. Ẹ̀yìnkùlé ló wà, láàárín balùwẹ̀ àti ògiri. Kò tóbi. Ilá wà níbẹ̀, tòmátì wà níbẹ̀, ata, ikàn, àti kókò tí àwọn ará ibí ń pe ewé rẹ̀ ní kontomire. Ní gbogbo ìgbà òjò, díẹ̀díẹ̀ la máa ń já wọn sè, kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n bí òjò ìkẹyìn bá ti dá, tí ọyẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́, ńṣe ni gbogbo ohun tó wà nínú ọgbà yẹn máa ń tó já lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹni pé wọ́n jọ ṣèpàdé. Ilá tí ẹ bá fojú fò dá lónìí, á ti gbó lọ́la. Ìyá Àgbà á wá jókòó ti ọ̀bẹ, á máa rẹ́ ilá wẹ́wẹ́, á sá a sórí òrùlé páànù títí yóò fi gbẹ, kí a lè lọ̀ ọ́ di orúnlá tí a ó máa sè nígbà tí ilá tútù bá wọ́n. Á sá ata. Tòmátì ní tirẹ̀, dídín la máa ń dín in nínú òróró títí omi rẹ̀ á fi gbẹ pátápátá, nítorí pé omi ló ń ba ọbẹ̀ jẹ́. A ní fíríìjì o, ṣùgbọ́n aṣọ la ń kó sínú rẹ̀ nígbà náà.

Ní ọdún tó ṣáájú èyí tí mo fẹ́ sọ, apẹ̀rẹ̀ tòmátì kan rà sábẹ́ ibùsùn bàbá mi, a kò sì mọ̀. Ọjọ́ Jímọ̀ ni bàbá mi mọ̀. Agbádá tó wà nínú àpótí abẹ́ ibùsùn yẹn ló wọ̀ lọ sí mọ́ṣáláṣí. Ó ní níbi tí a ti ní kí èjìká kan èjìká, òun nìkan ni wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Inú bí i gan-an. Kò bínú sí àwọn èèyàn náà, kò sì lè bínú sí ìyá rẹ̀. Ọgbà ló bínú sí.

Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ó ra mọ́tò kan, dúdú, àlòkù, ó sì ń wá ibi tí yóò máa gbé e sí, nítorí pé àwọn ọmọ àdúgbò ń fi òkúta kọ orúkọ ara wọn sí i lára. Kò síbi tó gbà á ju ọgbà lọ. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ bẹ́ẹ̀ fún Ìyá Àgbà? Bàbá mi dúró síwájú mọ́tò náà nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó ń bá mọ́tò sọ̀rọ̀, ó sì ń gbé ohùn sókè kí ìyá rẹ̀ lè gbọ́.

"Ìwọ mọ́tò yìí, ṣe sùúrù. Bí ẹyọ tòmátì kan bá tún rà nínú ilé yìí lọ́dún yìí, sìmẹ́ńtì ni n ó dà sórí ọgbà yẹn. Ìwọ náà á nílé."

Ìyá Àgbà ń ṣa ẹ̀wà, kò gbójú sókè. Ó ní, "Ẹ bá mi sọ fún mọ́tò pé mo gbọ́."

Ọkàn tèmi ni kò balẹ̀. Mo sì fẹ́ kí irú ẹ̀rù tó bà mí yé yín. Mo fẹ́ràn ọgbà náà, ibẹ̀ ni mo ń sá sí bí wọ́n bá ní kí n wá ka ìwé. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn mọ́tò náà pẹ̀lú, torí mo ti sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ mi ní ilé kéwú pé wọn yóò máa fi gbé mi wá. Bí mo bá bá ọgbà ṣe, ó ń dùn mí fún mọ́tò. Bí mo bá bá mọ́tò ṣe, n kò lè wo ojú Ìyá Àgbà. Ó dà bí ìgbà tí àwọn òbí ẹni bá ń jà, tí wọ́n sì bi ọmọ pé ẹ̀yìn ta ló wà. Tí ẹ bá rò ó dáadáa, bó ṣe rí gan-an náà nìyẹn.

Ọdún yẹn ni ọgbà náà wá so ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Òrùlé kún fún ilá títí kò fi sí àyè fún ẹyẹ láti bà. Ìkòkò kún. Tòmátì ṣẹ́kù nílẹ̀, ó ń pọ́n lọ. Ìyá Àgbà wò ó, ó ní, "Ohun tó bá pọ̀ jù, sàráà ni." Ó bu tòmátì sínú àwọn abọ́ aláwọ̀ funfun rẹ̀, ó fi ìdérí bò wọ́n, ó ní kí n máa gbé wọn lọ fún àwọn aládùúgbò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Mo kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ onílé wa, ìyá Àṣáńtì kan tí gbogbo wa ń pè ní Maame. Mo kígbe "Agoo" lẹ́nu ọ̀nà, ó dáhùn "Amee", mo wọlé. Ó ṣí abọ́, ó dúpẹ́, ó da tòmátì náà sínú agbọ̀n. Mo na ọwọ́ kí n gba abọ́. Ó ní, "Dúró ná. Ṣé irú èèyàn tó ń dá abọ́ padà lófìfo ni mo jọ lójú rẹ?" Ó lọ sẹ́yìn ilé, ó kó ikàn kún inú rẹ̀ bámú.

Mo lọ sọ́dọ̀ ìyá Hausa tó ń ta koko, ẹ̀kọ mímu. Òun náà ní, "Haba, lófìfo kẹ̀?" Ó ní ọgbà tirẹ̀, tòmátì tirẹ̀ náà ti pọ́n, òun ló kó sínú abọ́ wa. Mo wá gbọ́kàn lé ìyá aránṣọ, ọmọ Ẹ̀jìgbò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Nàìjíríà, torí mo mọ̀ pé òun kò gbin nǹkan kan. Kò gbìn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n gbogbo ilé ló ti gbé ilá wá fún un láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Nígbà tó rí abọ́ lọ́wọ́ mi, ojú rẹ̀ rọ̀, ó ní, "Ọlọ́run ló rán ọ, ọmọ mi."

Bí mo ṣe gbé abọ́ tó kún fún ilá délé nìyẹn. Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, ohun tó wà nílẹ̀ ti pọ̀ ju ohun tí a fi bẹ̀rẹ̀ lọ.  Okùn ni bàbá mi mú lọ́wọ́, ó ń fi wọn ìbú ọgbà, ó sì ń súfèé.

Ṣé Ìyá Àgbà wá jáwọ́? Kò jáwọ́. Lọ́jọ́ kejì, ó fi ikàn Maame ránṣẹ́ sí ìyá Hausa, ó fi tòmátì ìyá Hausa ránṣẹ́ sí aránṣọ. Àwọn náà kò sì fẹ́ kí nǹkan rà sí wọn lọ́wọ́, àwọn ọmọ tiwọn náà ń gbé abọ́ kiri. A máa ń pàdé lójú ọ̀nà, a kì í lè kí ara wa, nítorí pé ó ti rẹ̀ wá. Ẹ̀rù sìmẹ́ńtì kò jẹ́ kí n sùn dáadáa. Bí mo bá dijú, òórùn tòmátì rírà ni mo ń gbọ́, bẹ́ẹ̀ kò tíì sí èyí tó rà.

Ọjọ́ tó tẹ̀ lé e ni Maame wọ àgbàlá wa wá, ikàn kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo rò pé a ti ṣẹ̀ ẹ́. Ó na ikàn náà sí Ìyá Àgbà. Ó ní, "Ẹ wò ó. Adìyẹ mi ló ṣá a jẹ níbí yìí, mo dá a mọ̀. Ọ̀dọ̀ mi ló ti kúrò. Ó ti yí gbogbo Sawaba ká, ó ti padà wálé."

Ìyá Àgbà yí ikàn náà padà lọ́wọ́. Ó ní, "Ó mọ̀nà ju ọmọ-ọmọ mi lọ."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó. Maame wá nu ojú, ó ní, "Ìtìjú ló ń yọ wá lẹ́nu. Bí a bá ń fún ara wa báyìí, gbogbo rẹ̀ ni yóò rà sínú abọ́. Ẹ jẹ́ ká dáná."

Bí gbogbo wọn ṣe kó tiwọn wá sí àgbàlá wa nìyẹn. Ìkòkò ńláńlá wà lórí iná, ìyá aránṣọ ń gé tòmátì, ìyá Hausa ń ro ọbẹ̀. Ìjà kò gbẹ́yìn o. Maame fẹ́ fi ẹja oníyọ̀ sí i, Ìyá Àgbà ní ẹja kò ní jẹ́ kó pẹ́ nílẹ̀. Ìyá Hausa ní ọbẹ̀ tí kò ní irú, ti aláìsàn ni. Ìyá aránṣọ ní lọ́dọ̀ àwọn ní Ẹ̀jìgbò, àwọn kì í bá ọbẹ̀ jà, jíjẹ ni àwọn máa ń jẹ ẹ́. Wọ́n wá fi ẹnu kò pé kí a dín in lásán, kí kálukú lọ fi ohun tó bá wù ú sí i nílé rẹ̀.

Ó wá ku ilá. Òrùlé ti kún. Mọ́tò bàbá mi sì wà nínú àgbàlá láàárín oòrùn, torí ó kọ̀ láti jí láàárọ̀ yẹn, bàbá mi sì ti wọ tro-tro, ọkọ̀ èrò ibí, lọ síbi iṣẹ́. Ìyá Àgbà fi ọwọ́ kan imú mọ́tò náà, ó yára fà á padà. Ó tún fi kàn án. Ó ní, "Èyí mà gbóná ju páànù lọ." Ó ní kí n lọ mú aṣọ funfun wá. Mo sọ fún un pé bàbá á bínú. Mo sọ ọ́ lọ́pọ̀ ìgbà, pẹ̀lú oríṣiríṣi ohùn. Kò pẹ́ tí ilá fi bo imú mọ́tò náà, ó bo orí rẹ̀, ata pupa sì wà níwájú gíláàsì.

Bàbá mi dé nígbà tí ọbẹ̀ ń hó wùtùwùtù lórí iná. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, fìlà wà lọ́wọ́ rẹ̀. 

"Ìyá mi, kí lẹ ń fi mọ́tò mi ṣe?"

"Mo bi í léèrè," ni Ìyá Àgbà wí. "Ó ní ọwọ́ òun dilẹ̀."

 Bàbá mi wọ inú ilé. A gbọ́ tó ń fa àpótí, tó ń wo abẹ́ ibùsùn, tó ń ṣí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, tó ń fi imú fínlẹ̀ kiri. Mo di ọwọ́ mi méjèèjì mọ́ra. N kò mọ̀ pé èèyàn lè máa bẹ Ọlọ́run nítorí tòmátì, àmọ́ mo bẹ̀ ẹ́. Nígbà tó jáde, kò rí ẹyọ kan mú dání. Maame ti gbé iṣu sínú àwo dè é, ó da ọbẹ̀ lé e. Bàbá mi kọ́kọ́ fi ìbínú jẹ ẹ́. Lẹ́yìn náà ó na àwo padà, ó yí ojú sí ògiri, ó ní kí wọ́n fi díẹ̀ kún un.

Ilá orí mọ́tò ló kọ́kọ́ gbẹ, ó yá ju ti òrùlé lọ fíìfíì. Mọ́tò náà ti jí kí ó tó gbẹ, ṣùgbọ́n ta ni yóò gbé ilá àwọn ìyá lọ síbi iṣẹ́? Tro-tro ni bàbá mi ń wọ̀. Nígbà tí a kó gbogbo rẹ̀ kúrò tán, Ìyá Àgbà pè é.

"Sìmẹ́ńtì tí o sọ yẹn dà?"

Bàbá mi rò pé ó ń fi òun ṣe ẹlẹ́yà. Ó ní, "Ẹ ti borí, Ìyá mi. Tòmátì kò rà."

"Mo mọ̀. Mo ní kí o dà á. Ìdajì ọgbà ni kí o mú, níbi tí oòrùn ń pa jù. Jẹ́ kó tẹ́jú."

Inú bàbá mi dùn débi pé kò béèrè ìdí. Ó da sìmẹ́ńtì náà, ó fi igi tẹ́ ẹ bí ojú dígí, mọ́tò sì sùn síbẹ̀ ní gbogbo ìgbà òjò. Ọyẹ́ wá dé. Bàbá mi darí délé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó bá ilá lórí sìmẹ́ńtì láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun, àwọn ìyá sì jókòó yí i ká pẹ̀lú ọ̀bẹ. Ó tẹ fèrè mọ́tò. Maame nìkan ló gbójú sókè. Ó ní, "Àyè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà."

Ìgbà ti yí padà, ẹ̀yin àbúrò mi. Ìyá Àgbà ti lọ, Maame náà ti lọ. Àwọn ọmọ Maame ti kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì síbi tí a ti ń dáná, wọ́n sì mọ ògiri sí àárín wa, a kò mọ ohun tí ẹnikẹ́ni ń sè mọ́ àfi tó bá jóná. Èmi ń gbé yàrá kan ní Ayigya, mò ń wáṣẹ́, tòmátì inú ike ni mo fi ń se ọbẹ̀. Fíríìjì mi ń tutù, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá mú iná lọ, mo máa ń dúró tì í bí ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn. N kò mọ bí wọ́n ṣe ń rẹ́ ilá kó rí wẹ́wẹ́. Ó máa ń dùn mí ju bó ṣe yẹ lọ, mo mọ̀.

Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, ọ̀rẹ́ mi kan fi mọ́tò gbé mi lọ kí bàbá mi. Ó ti darúgbó, ó ti ta mọ́tò tirẹ̀. Bí a ṣe fẹ́ kọrí sínú àgbàlá, ó sáré jáde pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì lọ́rùn àti ọ̀bẹ lọ́wọ́, ó na apá méjèèjì dí wa lọ́nà.

"Ẹ padà sẹ́yìn, ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ gọ́tà. Ṣé ẹ kò rí i pé ilá wà nílẹ̀ ni?"