Ọ̀rọ̀ Líle Inú Lẹ́tà Bàbá

Gààrí aládùúgbò mi jóná lánàá, òórùn rẹ̀ sì gbé mi padà sẹ́yìnkùlé wa ní Ayétòrò. Màámi ń yan gààrí lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo jókòó tì í, mò ń túmọ̀ lẹ́tà Bàbá fún un. Tíṣà ni Bàbá ní Ìmẹ̀kọ, gẹ̀ẹ́sì ńláńlá ló máa ń kọ sí wa. Ó ní ìpinnu òun jẹ́ "irrevocable." Mo sáré gbé díṣọ́nárì.

"Màámi, mo ti rí i! Ohun tí ò ṣeé yí padà mọ́ ni!"

"O ṣeun, ọmọ mi. O mà mọ̀wé o."

Igbá tó fi ń ro gààrí dúró sójú kan. Èmi ń yọ̀. Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé ìwé ìkọ̀sílẹ̀ ni mo túmọ̀ fún ìyá mi.

Ìgbà kan ṣoṣo tí gààrí jóná mọ́ ọn lọ́wọ́ nìyẹn.