Orúkọ Tó Wà Lábẹ́ Fọ́tò Bàbá Mi

Fọ́tò kan ṣoṣo ni bàbá mi fi sílẹ̀. Ó dúró nínú rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn àṣà kan níbí ní Accra, nígbà tí ọ̀dà ilé náà ṣì funfun báláú. Ilé yẹn ò ní ọ̀ṣọ́ kankan lára: kọnkéré, òrùlé pẹrẹsẹ, ògiri búlọ́ọ̀kù oníhò tí atẹ́gùn ń gbà wọlé. Kò sóhun tó wà níbẹ̀ tí kò níṣẹ́ tó ń ṣe. Àwọn èèyàn ń yìn ín. Èmi ò fọkàn tán an rárá. Ilé tó bá ní òun ò fi nǹkan kan pamọ́, mo máa ń yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò dáadáa.

Lọ́jọ́ kan, ọmọbìnrin kan wá láti gbọ̀ngàn náà, ó bá mi nídìí okirika mi ní ọjà Kantamanto. Wọ́n fẹ́ pàtẹ fọ́tò àwọn oníṣòwò àtijọ́, ìyá mi sì ti gbé tiwa fún un láìsọ fún mi. Ó na fọ́ọ̀mù sí mi.

“Antí, mepa wo kyɛw,” ó fi pẹ̀lẹ́tù bẹ̀ mí, “orúkọ ẹni inú fọ́tò, àti ilé yín.”

Orúkọ àti ilé! Ẹ̀yìn ìyá mi ni mo wà nígbà tí wọ́n fún àwa Aláta, bí wọ́n ṣe ń pe àwa Yorùbá níbí, ní ọ̀sẹ̀ méjì pé ká kó jáde ní Ghana. Bàbá mi lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, ibẹ̀ ló kú sí. Èmi àti ìyá mi la yọ́ padà wọ Ghana. Màámi fúnra rẹ̀ ló kọ́ mi pé ẹni tó bá fẹ́ kọ orúkọ wa sílẹ̀, irọ́ ni ká pa fún un. Kí ni wọ́n tún ń wá wa sí? Ta ló rán an? Mo kọ orúkọ ará Ga kan, ọmọ onílẹ̀ Accra, tí mo rí lára kíóósì tó kọjú sí tèmi.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí ìpàtẹ náà, Màámi wọ léèsì. Mo tẹ̀ lé e, mò ń ṣọ́ ọlọ́dẹ ẹnu ọ̀nà. Ó dúró níwájú fọ́tò, ó fọwọ́ kan ìwé pélébé tó wà lábẹ́ rẹ̀.

“Kà á fún mi.”

Kò mọ̀wé. Mo pe orúkọ bàbá mi gan-an. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó yíjú sí ọmọbìnrin ọjọ́sí, ó pe orúkọ náà sókè fún un: “Ọkọ mi nìyẹn o!”

“Dabi, Maame.” Ọmọ náà mi orí pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó nàka sí ìwé náà, ó ka ohun tí mo kọ, ketekete.

Màámi ò bú mi. Ì bá tiẹ̀ bú mi, ì bá sàn.

“Wọ́n lé e nílùú,” ó ní, “ìwọ náà tún wá lé e kúrò lára ògiri.”