Ìbéèrè Kan Ṣoṣo fún Bàbá Ayàwòrán

Ọ̀gá Gọ́ọ̀mù ni gbogbo ayé ń pe àbúrò mi ọkùnrin. Ìwé tó ti já ló máa ń dì: á gán an, á lẹ̀ ẹ́, á fi páálí tuntun bò ó. Kì í sọ̀rọ̀. Ìyàwó rẹ̀ ní ọdún kejì tí àwọn fẹ́ra ni òun tó mọ bí ohùn rẹ̀ ṣe rí.

Ọdún tí ìyá wa lọ ṣiṣẹ́ lókè òkun, tí lẹ́tà wọn ń wá tí kò wá mọ́, ni èmi àti ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ka kọ́míìkì kan, ìwé ìtàn alàwòrán tó ń jáde díẹ̀díẹ̀. Ọmọbìnrin kan ló wà nínú rẹ̀ tó ń wá ìyá rẹ̀ láti ìlú dé ìlú. Lójú ewé tó kẹ́yìn, ó kan ilẹ̀kùn ilé kan, ohùn obìnrin sì dáhùn látinú ilé pé, “Ta nìyẹn?” Wọ́n ní ká máa retí èyí tó kù. A retí títí, kò jáde, ilé iṣẹ́ tó ń tẹ̀ ẹ́ ti kógbá sílé. Irun orí wa ti funfun báyìí, mi ò tíì mọ̀ bóyá ìyá ọmọ náà ló wà nínú ilé yẹn.

Nígbà tá a wá gbọ́ pé bàbá tó ya kọ́míìkì náà ń bọ̀ wá síbi ìpàdé ńlá àwọn olólùfẹ́ kọ́míìkì, tí wọ́n sì ti sọ pé lẹ́yìn èyí àwọn ò ní jáde sí gbangba mọ́, mo ní bí mo bá tiẹ̀ máa rákòrò, mo máa dé ibẹ̀.

Ẹsẹ̀ ò gbèrò nínú gbọ̀ngàn ọ̀hún. Àgbàlagbà ọkùnrin kan tó múra bí akọni inú kọ́míìkì so ìyẹ́ páálí mọ́ ẹ̀yìn, gbogbo ìgbà tó bá sì yíjú, ìyẹ́ yẹn á gbá mi létí. Kò bẹ̀ mí lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn ń han gooro, kò sẹ́ni tó gbọ́ ohun tó ń wí. Ìlà tá a tò sí látàárọ̀, a fẹ́rẹ̀ẹ́ dé iwájú kí wọ́n tó sọ fún wa pé ìlà àwọn tó fẹ́ ra ẹ̀wù ni. Inú bí mi débi pé omi bọ́ lójú mi. Nígbà tá a fi rí ìlà bàbá ayàwòrán, orúnkún mi ti kọ̀ jálẹ̀. Mo jókòó sórí àpótí kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, mo sì pe àbúrò mi.

Mo ní, “Ọ̀rọ̀ púpọ̀ ò kún agbọ̀n. Bi wọ́n pé, ṣé ìyá ọmọ náà ló wà nínú ilé yẹn? Ó parí. Má bi wọ́n ní nǹkan mìíì.”

Ó mi orí. Ó ti gán gbogbo kọ́míìkì náà pọ̀ sínú ìwé kan ṣoṣo, ó há a sí abíyá, ó lọ tò.

Mo ń wò ó látọ̀ọ́kán. Ó pẹ́ kó tó kàn án. Bàbá náà gba ìwé, wọ́n ṣí i, wọ́n fọwọ́ pa ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n sì béèrè nǹkan. Ni Ọ̀gá Gọ́ọ̀mù bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ó ń sọ̀rọ̀, ó ń fọwọ́ ṣàpèjúwe, bàbá ń mi orí. Obìnrin tó ń darí èrò fọwọ́ kàn án léjìká, kò dá a lóhùn. Inú mi ń dùn ṣìnkìn. Mo ní gbogbo ìtàn náà pátá ni wọ́n jọ ń sọ yẹn.

Ó padà dé, ojú rẹ̀ ń dán.

“Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ní kọ́míìkì tiwọn nílé ti já wéléwélé. Wọ́n bi mí pé irú òwú wo ni mo fi gán an.”

“Ìyá ọmọ yẹn ńkọ́?”

Ó wolẹ̀. Mo tiro lọ síbi tábìlì yẹn, mo ń fìgunpá la èrò, àfi bí àwọn òṣìṣẹ́ ṣe ń ká aṣọ orí tábìlì. Wọ́n ti mú bàbá gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn lọ.

Inú bọ́ọ̀sì ni mo ti bú u dáadáa. Mo ní ọjọ́ tí a ò fẹ́ kó sọ̀rọ̀ púpọ̀ ló wá lahùn. Mo ní nítorí òwú, nítorí gọ́ọ̀mù lásán, ó gbàgbé iṣẹ́ kan ṣoṣo tí mo rán an. Ó gbé ìwé náà sórí itan, ó ń fi àtàǹpàkò ra etí páálí rẹ̀.

Ìgbà tó ku díẹ̀ ká sọ̀ ló tó sọ̀rọ̀. “Mi ò gbàgbé, ẹ̀gbọ́n mi. Ó wà lẹ́nu mi. Ẹ̀rù ló bà mí pé wọ́n lè ní kì í ṣe ìyá ọmọ náà.”

Inú ṣì ń bí mi. Mo gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo ṣí i sí ojú ewé tó kẹ́yìn, àwa méjèèjì sì ń wo ilẹ̀kùn yẹn títí a fi sọ̀.