Ọtí Tí Wọ́n Ń Bù fún Òkú

Bí o bá ti wọ ilé ọtí rí ní ọ̀sán Sunday, kí èrò tó kún un, wàá mọ òórùn tí mò ń sọ: bíà àná tó ti rin kápẹ́ẹ̀tì gbingbin, eérú sìgá, àti òórùn ẹrẹ̀ odò tó ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé. Irú ilé ọtí bẹ́ẹ̀ kan wà ní Woolwich ní London, kò jìnnà sí ibi tí ọkọ̀ ojú omi ti ń gbé mọ́tò sọdá odò Thames. Ibẹ̀ ni mo ti ń lo ọ̀sán Sunday mi nígbà tí èmi àti ìwọ ṣì ní irun lórí. O bi mí nígbà kan pé kí ló gbé ọmọ ìjọ dé àárín àwọn òyìnbó ọ̀mùtí, mo sì fi ẹ̀rín bò ó. Orin ni. Mi ò ní parọ́ fún ọ, ọ̀rẹ́ mi, orin wọn wọ̀ mí lára ju bí mo ṣe lè sọ fún ẹnikẹ́ni nílé lọ.

Ilé ìkẹ́rùsí kan ní Belvedere ni mo ti ń ṣiṣẹ́, onílù ẹgbẹ́ náà ni a sì jọ ń di ẹrù. Ó gbọ́ pé mo ń ta gìtá báàsì ní ṣọ́ọ̀ṣì, gìtá olókùn mẹ́rin tó máa ń kùn nísàlẹ̀ orin, ó ní kí n wá bá àwọn dí àlàfo kan fún ìgbà díẹ̀. Akọrin ni ọ̀gá wọn, sìgbọnlẹ̀ ọkùnrin kan tí ohùn rẹ̀ há bí ẹni tó gbé òkúta mì, tó sì ń mutí bí ẹni tí wọ́n ń lé bọ̀ lẹ́yìn. Wọ́n ti lókìkí díẹ̀ rí, wọ́n ti kọrin káàkiri ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọtí ni wọ́n fi òkìkí náà mu tán. Ṣùgbọ́n èèyàn dáadáa ni wọ́n sí mi. Lẹ́yìn eré, akọrin àti onílù á sìn mí dé ibùdókọ̀, wọn ò ní kúrò níbẹ̀ títí bọ́ọ̀sì mi á fi gbéra, nítorí láyé ìgbà yẹn, àwọn òpópónà kan wà ní Thamesmead tí èèyàn dúdú kì í dá gbà.

Gìtá tí wọ́n gbé fún mi kì í ṣe tuntun. Ọ̀já tí a fi ń gbé e kọ́rùn gùn jù fún mi, igi rẹ̀ sì ti ṣí láwọ̀ níbi tí ọwọ́ ẹlòmíràn ti fi pa á fún ọ̀pọ̀ ọdún. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo rí i tí akọrin gbé gíláàsì bíà kan tó kún dẹ́nu lé orí sípíkà ńlá tó wà lẹ́yìn mi. Mo rò pé tèmi ni. Mo ní ẹ ṣé o, ṣùgbọ́n mi ò kí ń mutí. Onílù fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, "Kì í ṣe tìrẹ. Ti ẹni tó ni gìtá ni." Mo bi í pé níbo ni ẹni náà wà. Ó ní ó ti kú.

Bí àṣà wọn ṣe rí nìyí. Akọrin ti jẹ́jẹ̀ẹ́ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ yẹn lórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn pé níwọ̀n ìgbà tí ẹgbẹ́ àwọn bá ṣì ń kọrin, wọn yóò máa ra ọtí fún un, ọtí náà kò sì ní ṣòfò. Bí eré bá parí, ẹni tó bá ń ta báàsì ló gbọ́dọ̀ mu ún. Nígbà tí èmi kì í mutí, akọrin á bá mi mu ún. Á gbé e sókè, á rẹ́rìn-ín sí àjà, á dà á sọ́fun lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, gbogbo ilé ọtí á pàtẹ́wọ́. Èmi nìkan ni kì í pàtẹ́wọ́. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Ìwọ náà mọ bí wọ́n ṣe tọ́ wa: ẹni tó bá jẹun lójú àlá pàápàá, wọ́n á ní kó gbààwẹ̀, ká má tíì wá sọ ẹni tó lajú sílẹ̀ kedere, tó ń mu ohun tí wọ́n bù fún òkú. Bí mo bá sì ti ta okùn tó nípọn jù, tí ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ pátápátá, bíà inú gíláàsì yẹn á máa gbọ̀n rìrì, bí ìgbà tí ẹnìkan bá ń mí lé e. Mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń ta gìtá láìwẹ̀yìn.

Ó pẹ́ kí onílù tó jẹ́ kí n mọ̀ pé ẹnìkan ti wà láàárín èmi àti olóògbé. A ń palẹ̀ mọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ kan ni ó sọ ọ́, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ òjò. Ó ní ọmọ kan ló gba gìtá náà kí n tó dé, ọmọ tó níwà tútù, tí kì í fi bẹ́ẹ̀ mutí tẹ́lẹ̀. Ó ń mu ti òkú ní gbogbo ọjọ́ Sunday, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í mu tirẹ̀ mọ́ ọn, títí wọ́n fi bá a nílẹ̀ ilé ìdáná rẹ̀. Mo bi í pé kí ló pa á. Ó ní, "Ohun tó pa ti àkọ́kọ́," ó sì ń ká wáyà rẹ̀ lọ. Wọ́n ní ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n, ṣùgbọ́n ẹni méjì ti jìn sí eléyìí, àwọn tó kù ṣì ń kọrin létí kòtò. Èmi sì ni ẹni kẹta tó gbé gìtá náà kọ́rùn.

Nígbà tí òtútù bẹ̀rẹ̀, akọrin ṣubú láàárín orin, ó sì pọ ẹ̀jẹ̀. Ó pẹ́ nílé ìwòsàn, eré wa sì dúró. Nígbà tó jáde, ó ti gbẹ, ojú rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ti ẹni tí ibà pọ́njú mú. Dókítà ti sọ fún un pé ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti bàjẹ́, pé bó bá tún fẹnu kan ọtí, ikú ni. Ó sì gbọ́, ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò retí. Omi ló ń mu. Inú gbogbo wa ń dùn títí ó fi wá bá mi níbi tí mo ti ń to okùn gìtá.

"Sunday tó ń bọ̀ ni ìrántí ikú ọ̀rẹ́ mi," ó ní. "Mi ò lè bá ọ mu ún mọ́. Ìwọ ni wàá mu ún. Bí o kò bá mu ún, èmi á mu ún. Mo ti jẹ́jẹ̀ẹ́."

Kò halẹ̀ mọ́ mi. Ẹ̀bẹ̀ ló wà lójú rẹ̀, ohun tó sì bà mí lẹ́rù jù nìyẹn. Yálà kí n mu ọtí òkú, èmi ẹni kẹta, tàbí kí n dúró máa wò ó bó ṣe ń mu ikú ara rẹ̀ nítorí mi.

Ìyá mi ni mo lọ bá. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé àwọn arúgbó tó ti ń ṣiṣẹ́ dé ni, kò tíì bọ́ bàtà.

"Jesus! Ṣé pub yẹn lo ṣì ń lọ? O sọ fún mi pé rehearsal ni, mo sì ń thank God!"

Mo ní kó má bínú, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Mo rò pé àdúrà ló máa bẹ́ sí.

"O ò ní mu ún," ó ní. "Òun náà ò gbọ́dọ̀ mu ún. Ṣé wọn ò fún àwọn òyìnbó yìí ní home training ni? Wọ́n á bù fún òkú, alààyè á wá gbé e mu! Ilẹ̀ ni wọ́n ń dà á sí. Bàbá mi àgbà kì í mu ẹmu láì kọ́kọ́ ta díẹ̀ sílẹ̀." Ó wo ẹnu ọ̀nà. "Má sọ fún Pastor pé èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀ o."

Tòun ti ẹ̀rù tó wà lára mi, mo rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ náà, ilé ọtí kún. Mo ta gìtá bí ẹni tó ń tẹ ẹ̀gún, mo ṣì í ta níbi tí mi ò ti ṣì í rí. Nígbà tí orin tó kẹ́yìn parí, gbogbo ojú yí sí gíláàsì tó wà lórí sípíkà. Mo wo akọrin, mo rí i tó ń dá itọ́ mì. Ọwọ́ rẹ̀ ló kọ́kọ́ nà sí i, mo sì yára gbé e. Ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́, pẹ̀lú ìlù, kí n dà á sọ́fun. Mo fi èjìká ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, mo jáde. Àtẹ́wọ́ dáwọ́ dúró. Mo gbọ́ tí àga ń ṣubú, ẹnìkan sì fi ọ̀rọ̀ yẹn bú mi, èyí tí wọ́n fi ń bú èèyàn dúdú, tí gbogbo wa mọ̀.

Koríko díẹ̀ wà láàárín ilé náà àti ògiri odò. Wọ́n tú jáde tẹ̀lé mi, akọrin ló ṣíwájú, ojú rẹ̀ ti yàtọ̀. Mo mọ̀ pé bó bá lù mí, kò sí ẹni tó máa dá a dúró, kò sì sí ẹni tó máa sìn mí dé bọ́ọ̀sì mọ́. Mo lóṣòó. Yorùbá ló jáde lẹ́nu mi, nítorí mi ò ní èdè mìíràn tí mo lè fi sọ ọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ọtí yín rèé. Ẹ gbà á lọ́wọ́ wa. Ẹ jẹ́ kí àwọn tó kù sinmi."

Mo dà á tán. Ìfófòó rẹ̀ dúró díẹ̀ lórí koríko, ó sì wọlẹ̀. Akọrin gbá mi lọ́rùn ẹ̀wù mú.

"Kí lo sọ fún un?"

"Mo ní ọtí rẹ̀ rèé. Nílé wa, òkú ló ni ọtí òkú. Ilẹ̀ la fi ń rán an sí i."

Ó di ẹ̀wù mi mú síbẹ̀, ó ń wo ilẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ dẹ̀. Ó ní, "A jẹ́ pé láti ọjọ́ yìí wá, kò tíì rí ìkankan mu." Ó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ lé ibi tó tutù náà, ó sì bú sẹ́kún. Àwọn tó ń pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan ń padà wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan.

Nígbà tó dìde, ó bi mí pé, "Ta ni yóò da tèmi?"

O mọ ohun tí ẹnu wa máa ń sáré sọ. Mo ní, "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Ẹ ò ní kú." Ó mi orí. Ó ní ìyẹn kọ́ lòun béèrè. Ó dúró, ó ń wò mí pẹ̀lú ojú pípọ́n yẹn, ó sì hàn sí mi pé ó ti mọ ibi tí òun ń lọ, ẹni tó máa rántí òun ló kù tó ń wá. Mo ní, "Èmi ni."

"Má da bíà o," ó ní. "Tíì ni. Kí ṣúgà pọ̀ níbẹ̀."

Kò fẹnu kan ọtí mọ́ títí ó fi kú, ṣùgbọ́n ohun tó ti bàjẹ́ ti bàjẹ́. Kò tó ọdún méjì tí a fi sin ín. Ìyá mi, tó ti ní kí n má dé ọ̀dọ̀ wọn mọ́, òun ló se tíì náà fúnra rẹ̀, ó rọ ọ́ sínú fíláàsì, ó ní kí n tètè máa lọ kó má baà tutù. Mo dà á sí ẹsẹ̀ sàréè, èéfín rẹ̀ ń rú lójú òtútù, onílù ṣí fìlà. Mo sunkún lọ́jọ́ náà bí ẹni tí wọ́n bí mọ́ ọn.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, mo rò pé ara mi ni mo gbà là lẹ́yìn ilé ọtí yẹn. Bí mo ṣe ń dàgbà ni mo ń rí i pé ìbéèrè ọkùnrin náà ló ṣe mí lóore. Ìkankan nínú wa ò kí ń jẹ́ kí èèyàn béèrè rẹ̀ tán. A ti fi Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ bò ó mọ́lẹ̀, a sì fi ẹni náà sílẹ̀ nìkan pẹ̀lú ẹ̀rù rẹ̀. Láìpẹ́ yìí, ìyá mi, tó ti di arúgbó, bi gbogbo wa nídìí oúnjẹ pé ṣé a máa gbé òun lọ sílé ni, tàbí ibí la máa sin òun sí. Àwọn àbúrò mi pariwo pé Mummy, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, ẹ ṣì máa pẹ́ láyé. Ó tẹrí ba sórí àwo rẹ̀. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo ní, "Èmi ni mo máa gbé yín lọ sílé, Mummy." Ó mí kanlẹ̀, ó sì ní kí n bu ẹran sí i fún òun.