Ìlà Kẹrìnlá

Nígbà Rẹfolúsíọ̀n, tí àwọn sójà ń ṣèjọba lórílẹ̀-èdè wa, èmi ni mò ń fi ẹ̀rọ tẹ̀wé ní ọ́fíìsì ìjọba kan ní Ìdáàṣà. Ìwé orúkọ àwọn àgbẹ̀ abúlé Kèrè ló wà níkàáwọ́ mi: ta ló wà nílé, ta ló kú, ta ló ti kó lọ. Ojúlówó ìwé náà kò sí lọ́dọ̀ wa. Àgbómẹ̀ ló wà, lórí tábìlì ọkùnrin kan tí n kò fojú kàn rí. Ẹ̀dà rẹ̀ ló wà lọ́wọ́ mi. Bí a bá fi orúkọ kún un tàbí tí a yọ orúkọ kúrò, n ó tún ẹ̀dà tèmi tẹ̀, n ó fi pẹ́ńsùlù pupa kọ nọ́ńbà tuntun sí igun rẹ̀, n ó sì pe Àgbómẹ̀ lórí tẹlifóònù kí ọkùnrin náà tún tirẹ̀ ṣe. N kì í ju ẹ̀dà àtijọ́ nù. Inú páálí ni mo ń tò wọ́n sí, kí a lè mọ ohun tí a yí, ọjọ́ tí a yí i, àti ẹni tó ní ká yí i.

A kì í dárúkọ èèyàn lórí tẹlifóònù, torí a ò mọ ẹni tó ń gbọ́ wa. Nọ́ńbà ìlà nìkan là ń pè. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé kí a tó sọ ohunkóhun, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bi ara wa nọ́ńbà ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ wa. Bí tèmi bá jẹ́ mẹ́ta, tí tirẹ̀ sì jẹ́ méjì, n ó ti kọ́kọ́ ka ohun tó yàtọ̀ fún un.

Ọkùnrin Àgbómẹ̀ yìí máa ń bí mi nínú púpọ̀. Á máa jẹun sétí mi, á ní kí n tún un sọ lẹ́ẹ̀mẹta, á tún ní ohùn mi ni kò jáde. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, mo ti fajú ro kó tó gbé e. Ọkùnrin kan ní Kèrè ti kó tìyàwó tọmọ lọ sí Nàìjíríà láìgbàwé àṣẹ. Ó ní, “Ehuzu,” mo ní, “Dandan,” bí gbogbo wa ṣe ń kíra nígbà náà. Mo ní, “Kámáráàdì, ìlà kẹrìnlá. Pa ‘ó wà nílé’ rẹ́. Kọ ‘ó sá lọ sí Nàìjíríà’.” Ó ní, “Dákọ̀,” pé òun ti gbọ́. Mo gbé tẹlifóònù sílẹ̀ gbàgà. N kò béèrè nọ́ńbà.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì, àgbẹ̀ mìíràn láti Kèrè, ẹni tí kò jìnnà sí àwọn òkè wa rí, lọ gbàwé ìrìnnà ní Àgbómẹ̀ kó lè lọ wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń ṣàìsàn. Wọ́n ṣíwé, wọ́n ní Nàìjíríà ló ti ń bọ̀. Láyé ìgbà yẹn, ẹni tó bá sá lọ tó tún padà, ìbéèrè kan ló ń dúró dè é: ta ló rán ọ wá? Wọ́n tì í mọ́lé.

Ìyàwó rẹ̀ wá sí ọ́fíìsì wa láàárọ̀ ọjọ́ kejì. “Tàǹtí, ẹ bá mi wo ìwé yẹn. Ọkọ mi ò mọ ọ̀nà Nàìjíríà.”

Mo fa páálí jáde. Nínú ẹ̀dà kẹta, èyí tí mo kà lórí tẹlifóònù, ìlà kẹẹ̀ẹ́dógún ni ọkọ rẹ̀ wà, ẹni tó sá lọ ló wà ní kẹrìnlá. Nínú ẹ̀dà kejì, ọkọ rẹ̀ ló wà ní ìlà kẹrìnlá. Opó kan tó kó dé láti Akofodjoulè la fi kún òkè ìwé láàárín méjèèjì, gbogbo orúkọ tó kù sì rọ̀ sísàlẹ̀. Tẹlifóònù kò ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ tí a kọ orúkọ opó náà. Mo ní n ó pè lọ́la, mo gbàgbé.

Nígbà tí obìnrin náà lọ, mo pe Àgbómẹ̀. “Nọ́ńbà mélòó ló wà lọ́wọ́ yín?”

“Méjì ni, kámáráàdì. Àbí ó ti di mẹ́ta?”

Mo gbé tẹlifóònù sílẹ̀. Nígbà yẹn, wọn kì í pe àṣìṣe ní àṣìṣe. Sàbótáàjì ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó tẹ̀wé ṣáájú mi fo ìlà kan, wọ́n gbé e lọ sí àríwá, a ò gbúròó rẹ̀ mọ́.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi panu mọ́. Mo sọ fún obìnrin náà pé à ń wá ojútùú. Òótọ́ ni, mò ń wá a: bí mo ṣe máa tún un ṣe tí ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀ pé èmi ni. Ojú ń tì mí, ẹ̀rù sì ń bà mí ju ìtìjú lọ. Láràárọ̀ ló ń dé bẹ́ǹṣì wa ṣáájú mi, rósárì lọ́wọ́, kò sunkún.

Lọ́jọ́ kẹrin ó ní, “Tàǹtí, ẹnì kan dé láti Àgbómẹ̀. Ó ní wọ́n ń lu ọkọ mi.”

Mo gbé ẹ̀dà méjèèjì tọ ọ̀gá wa lọ. Mo ní ìwé tó wà ní Àgbómẹ̀ ti di ti àtijọ́, pé àtúnṣe bọ́ sí ìlà ẹlòmíràn. Kò sí irọ́ kankan níbẹ̀. Ọ̀gá wo nọ́ńbà méjì, ó wo nọ́ńbà mẹ́ta, ó ní àwọn ará Àgbómẹ̀ ò mọṣẹ́. Mo kó ẹ̀dà méjèèjì padà sínú páálí.

Wọ́n tú ọkọ obìnrin náà sílẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ohùn mìíràn ló dá mi lóhùn ní Àgbómẹ̀. N kò béèrè ibi tí ẹni àkọ́kọ́ lọ.

Ọkùnrin Kèrè náà wá dúpẹ́, òun àtìyàwó rẹ̀, wọ́n ru iṣu wá. Ojú rẹ̀ kan ṣì wú. Ó ní, “Tàǹtí, wọ́n ní ẹ̀yin lẹ rí àṣìṣe náà. Ọlọ́run á ṣèyí tó tóbi fún yín. Níbi tí wọ́n tì mí mọ́, gbogbo àárọ̀ ni mò ń bẹ̀ ẹ́ pé ẹni tó kọ Nàìjíríà síwájú orúkọ mi, kó má rójú, kó má ráyè. Ẹ bá mi ṣe àmín sí i.”

Ìyàwó rẹ̀ ṣe àmín. Àwọn méjèèjì ń wò mí.

Mo ní, “Àmín.”