Ọ̀dà Pupa Létí Adágún

Tẹ́lẹ̀, èrò mi ni pé bí egungun èèyàn bá kán, yóò dún bí igi gbígbẹ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Èyí tí mo gbọ́ létí adágún lọ́jọ́ náà dún jẹ́jẹ́, bí ìgbà tí èèyàn fi eyín fọ́ egungun adìẹ nínú ọbẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún ọmọbìnrin kan ni. Tèmi ló yẹ kó jẹ́.

Sítọ̀ ni mò ń tọ́jú ní ọ́fíìsì ìjọba kan ní Adó-Èkìtì. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi ní ohunkóhun nípa omi. Ìwé ògbólógbòó kan nípa adágún, tí wọ́n fẹ́ fi di ẹ̀pà ní Ọjà Ọba ni mo rà, mo kà á títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi ya, mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ojú ara mi wá ohun tó sọ. Gbogbo Sátidé ni mò ń lọ sí adágún ńlá tí dáàmù dá sílẹ̀ lápá ọ̀nà Ìgbẹmọ. Mo mọ ibi tó jìn, mo mọ ibi tí àwọn kùkùté igi wà lábẹ́ omi, mo mọ wákàtí tí atẹ́gùn máa ń yí padà. Nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wá ṣe ìwádìí níbẹ̀, èmi ni wọ́n ń wá kí n mú wọn lọ. Dádì ni wọ́n ń pè mí.

Ọmọbìnrin yìí wà ní ọdún tó kẹ́yìn ní yunifásítì. Ọmọ Ìgèdè ni, tíṣà sì ni ìyá rẹ̀. Àwọn olóko ìrẹsì ti ro ilẹ̀ dé etí omi gan-an, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti mọ bí erùpẹ̀ oko náà ṣe ń mú kí omi rú. Ibùdó mẹ́fà la yàn lórí adágún. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù la óò wọn omi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, fún oṣù méjìlá. Olùkọ́ rẹ̀ ti là á yé e pé bí oṣù kan bá já, kó gbàgbé ìwé ẹ̀rí lọ́dún náà. Ìyá rẹ̀ náà ti sọ pé òun ò lágbára ọdún mìíràn.

Ohun tí a fi ń wọn ọ́n kò le, ó sì dùn mọ́ mi nínú. Àwo irin pẹrẹsẹ kan ni, a pín ojú rẹ̀ sí mẹ́rin, a kun méjì ní funfun, a kun méjì ní dúdú. A ó so okùn mọ́ ọn láàárín, a ó rọra sọ ọ́ kalẹ̀ sínú omi títí ojú ò fi ní rí i mọ́. A ó kọ ibi tí okùn dé. A ó tún rọra fà á sókè títí yóò fi yọ, a ó kọ ìyẹn náà. Àárín méjèèjì ni ìwọ̀n. Èmi ni mo ta kókó sára okùn náà, kókó kan ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá-mẹ́wàá. Nínú ọyẹ́, kókó tó ń wọlé máa ń pọ̀. Nígbà òjò, àwo ò ní tíì wọ omi tó ìgbọ̀nwọ́ tí yóò fi pòórá.

Kí á lè dé ojú ibi kan náà lóṣooṣù, a nílò àmì létí omi. Aṣọ pẹlẹbẹ ni ọmọbìnrin náà ń so mọ́ igi. Ewúrẹ́ jẹ òmíràn, atẹ́gùn gbé òmíràn lọ. Lóṣù kẹwàá iṣẹ́ náà, ibùdó kẹrin fi ohun tó tó ìṣísẹ̀ mẹ́wàá yẹ̀, ó sì dùn mí bí ẹni pé wọ́n jí nǹkan mi. Nítorí náà, nígbà tí a parí ti oṣù kọkànlá, mo gbé ọ̀dà pupa tó ṣẹ́kù sí sítọ̀ wa wá. Mo fi kun igi márùn-ún. Ní ibùdó kẹrin, kò sí igi tó tóbi tó láti kùn, àfi ilé kékeré kan tí wọ́n ń kó ìrẹsì sí. Mo fi ọ̀dà fa ìlà méjì kọjá ara wọn sára ògiri rẹ̀, mo sì kọ nọ́ńbà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó gún régé.

Ọmọbìnrin náà ní, “Dádì, ẹ jẹ́ ká so okùn. Ọ̀dà pupa yìí ò dáa.”

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní okùn kọ́ ni wọ́n fi ń ṣèwádìí.

Kò sẹ́ni tó ń gbé Adó tí kò mọ ohun tí irú àmì yẹn pẹ̀lú nọ́ńbà túmọ̀ sí lára ògiri: katakata ń bọ̀ wá wó o. Èmi tí ọ̀dà tí ìjọba fi ń kọ ọ́ ń ti ọwọ́ mi jáde ní sítọ̀ ló yẹ kó mọ̀ ọ́n jù. Ṣùgbọ́n ibùdó kẹrin nìkan ni mò ń rí.

Lóṣù kejìlá, tó jẹ́ àṣekágbá, a ti wọn ibùdó mẹ́ta kí oòrùn tó mú. Bí a ṣe ń wa ọkọ̀ bọ̀ ní ìkẹrin la rí wọn létí omi, ọkùnrin bíi mẹ́sàn-án, pẹ̀lú àdá àti ọkọ́. Bàbá arúgbó tó ni ilé ìrẹsì náà ló wà níwájú, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin mú àjẹ̀ ọkọ̀ dání. Ọ̀kan nínú wọn ní ọgbẹ́ tí wọ́n rán lókè ojú. Lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn ni mo gbọ́ pé àbúrò bàbá náà ni, pé wọ́n ti fi àdá bá ara wọn jà nítorí àmì yẹn, tí kálukú ń sọ pé èkejì ló ta ilẹ̀ fún ìjọba. Bàbá fúnra rẹ̀ ti fi ìbínú fa ìrẹsì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù tu, ó ní kò sí ẹni tí òun ń gbìn ín dè.

Wọ́n wọ́ ọkọ̀ wa gun ilẹ̀. Wọ́n kó àwọn ìgò tí a bu omi sí, wọ́n ń fọ́ wọn mọ́ òkúta ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọmọ bàbá gbé okùn mi sókè fún àwọn yòókù wò.

Ó ní, “Ẹ wo kókó tí wọ́n ta sókùn, kí wọ́n má baà gbàgbé iye ilẹ̀ tí wọ́n fẹ́ jí.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dé ojú. Bàbá kò rẹ́rìn-ín. Ó bi wá pé, “Ta ló kun ulé mi?”

Mo mọ ìdáhùn, ahọ́n mi ò gbé e. Ọmọbìnrin náà wò mí lẹ́ẹ̀kan, ó gbójú kúrò. Ìwé rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ bàbá já a gbà, ó ṣí i, ó sì rí i pé ó ya àmì náà síbẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà kẹrin, nítorí kì í fi ohunkóhun sílẹ̀ láìkọ.

Ó ní, “Ọwọ́ tó kọ ọ́ rèé.” Ó sì fi àjẹ̀ na ọwọ́ náà.

Ìgbà tí mo gbọ́ ìró yẹn ni mo tó ní, “Èmi ni.”

Wọ́n yí sí mi. Àkọ́kọ́ bà mí lókè etí, èkejì gba eyín méjì lọ. Wọ́n tẹ̀ mí mọ́ ẹrẹ̀, ẹnì kan gun ẹ̀yìn mi, mo sì rí i, bí ojú mi ṣe wà nínú rẹ̀, pé ẹrẹ̀ náà dúdú lókè, ó dà bí eérú nísàlẹ̀, ó ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́. Mo gbọ́ tí ẹnì kan ní kí wọ́n gbé àdá wá. Bàbá ló ní kí wọ́n dúró. Ó bèèrè ibi tí mo ti ń ṣiṣẹ́, mo sọ ọ́. Ó bèèrè ibi tí mo ti rí ọ̀dà, mo sọ ìyẹn náà.

“O mọ ohun tí àmì yẹn jẹ́?”

“Mo mọ̀ ọ́n, bàbá.”

“O mọ̀ ọ́n, o sì fi kun ulé mi.”

Ó tutọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ orí mi. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n ṣe fún mi lọ́jọ́ náà, ìyẹn ló ṣì ń dùn mí.

Nígbà tí ìbínú wọn rọ̀, wọ́n fẹ́ gbé ọmọbìnrin náà lọ sí ilé ìwòsàn ní Ìgbẹmọ. Ó ti fi gèlè rẹ̀ gbé ọwọ́ náà kọ́ ọrùn. Ó ní òun ò lọ, ibùdó mẹ́ta ló kù. Ó yíjú sí bàbá, ó sì fi èdè Èkìtì tiwọn ṣàlàyé fún un pé láti ọdún tó kọjá, òun kò wọn ilẹ̀ ẹnikẹ́ni. Omi lòun ń wọ̀n, kí òun lè mọ iye oko tí òjò ń wọ́ lọ sínú rẹ̀. Bàbá wo adágún tó pọ́n bíi tíì.

“Oko mi ló wà nínú omi un?”

Ó ní, “Tiyín ni, bàbá.”

Bàbá dá ìwé padà fún un. Ó ní kí ọmọ òun fi ọkọ̀ wà á lọ sí àwọn ibùdó tó kù. Mo dìde, mo ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ lọ sí ìdí ọkọ̀. Ọmọbìnrin náà ò yíjú padà. Ó ní,

“Ẹ dúró síbẹ̀, sà.”

Mo jókòó sínú ẹrẹ̀. Ọkọ̀ lọ, ó dúró. Ọkùnrin tó ṣẹ́ ẹ lọ́wọ́ fi ìwé sórí itan, ó mú bírò, ó wá ń sọ àwo kalẹ̀ bí ọmọbìnrin náà ṣe ń pàṣẹ fún un. Ọkùnrin náà yára jù, okùn náà fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ kì í jóòótọ́. Mo la ẹnu láti pariwo, ẹ̀jẹ̀ ló jáde. Ohùn ọmọbìnrin náà la orí omi kọjá, ó ní kó fà á sókè, kó bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Ọkùnrin náà fà á sókè.