Òpè Oṣù Yìí Dé Orí Íńtánẹ́ẹ̀tì

Ṣọ́ọ̀bù fọ́tókọ́pì ni mo ní ní Igbó-Elérin, ẹ̀gbẹ́ mi gan-an sì ni bẹ́ǹṣì àwọn tó ń ta ayò dráàfù wà. Ariwo wọn kì í jẹ́ kí n gbádùn. Nígbà tí mi ò rí wọn lé, mo kúkú bẹ̀rẹ̀ ìwé ìròyìn fún wọn. Ewé mẹ́rin péré ni, lóṣooṣù: ta ló na ta, ọgbọ́n tuntun tí wọ́n fi ń jẹ ọmọ ayò, àti ojú-ewé ìkẹyìn tí gbogbo wọn máa ń kọ́kọ́ ṣí, "Òpè Oṣù Yìí." Ẹni tí wọ́n bá nà jù ni mo máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ níbẹ̀.

Ẹ má bínú, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá ti jókòó sídìí ọpọ́n, kò sí àgbà, kò sí ọmọdé. Ọmọ ogún ọdún lè sọ fún bàbá arúgbó pé, "Ìwọ òpè yìí, dìde ńbẹ̀!" Bí bàbá bá dìde tán, ọmọ yẹn náà á dọ̀bálẹ̀ kí wọn. Ó parí síbẹ̀.

Àwọn náà ló ní kí n gbé ìwé náà lọ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. "Ayé ti lajú, màdáámù." Mo gbà. Yéè! Wàhálà ni mo fowó ara mi rà. Tẹ́lẹ̀, wọ́n máa ń to ìdérí ìgò tí wọ́n fi ń ṣe ọmọ ayò sórí ọpọ́n tí mo yà sínú ìwé, kí wọ́n lè rí ìdáhùn sí ìbéèrè dráàfù tí mo bá bi wọ́n níbẹ̀. Nígbà tó dórí fóònù, wọ́n tún ń to ìdérí lé e! Ọ̀kan ṣèèṣì fọwọ́ kan ojú fóònù, àwòrán sá lọ sókè, ìdérí dà sílẹ̀, ló bá ní èmi ni mo jí ọba òun gbé. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

Ẹ̀rín yẹn ò pẹ́. Lóṣù kejì, bàbá káfíńtà kan ló di Òpè. Bàbá yìí ló dàgbà jù ní bẹ́ǹṣì, àwọn ló sì kọ́kọ́ gba ìwé mi lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ tí àwọn yòókù ń yínmú sí i. Mo gbé fọ́tò wọn síbẹ̀, mo kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Ìwọ bàbá yìí, igi lo mọ̀ ọ́n gé, o ò mọ ọmọ jẹ."

Bàbá ò wá mọ́. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, wọn ò yọjú. Ọkàn mi ò balẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo gbọ́ pé ìdílé tó fẹ́ fi ọmọ bàbá ṣaya ti rí i lórí fóònù ní Ajangbadi, wọ́n sì ti ń bi ọmọ náà léèrè irú bàbá tí oníṣọ́ọ̀bù ń pè ní "ìwọ." Mo yọ ọ́ kíá, àmọ́ wọ́n ti fi ránṣẹ́ síra wọn káàkiri. Ojú tì mí gan-an.

Mo lọ kúnlẹ̀ nílé wọn ní Ìbà. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí."

"Òpè tó o pè mí kọ́ ló dùn mí," ni wọ́n wí. "Wọ́n ti pè mí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bú mi ní bẹ́ǹṣì, mo lè bú u padà. Èyí tó wà nínú fóònù àna mi, ibo ni n óò jókòó sí tí n óò fi fèsì?"

Wọ́n gbé ọpọ́n jáde, wọ́n ní, "Jókòó." Háà! Èmi tí mo ń kọ ìwé dráàfù láti ọjọ́ yìí, mi ò ta á rí láyé mi! Wọ́n nà mí lẹ́ẹ̀mẹta léraléra, wọ́n ya fọ́tò mi, wọ́n ní kí n máa kọ ọ́: "Òpè oṣù yìí ni oníwèé fúnra rẹ̀, olórí òfo." Èmi náà ni mo fọwọ́ ara mi gbé e síta.

Lọ́jọ́ kejì, bàbá ti padà sí bẹ́ǹṣì, wọ́n ń rẹ́rìn-ín kèékèé. Ni fóònù mi bá dún. Màmá mi ni, láti Ìsẹ́yìn, ẹkún ni wọ́n ń sun: "Ta ni mo ṣẹ̀ l'Ékòó, tó gbé fọ́tò ọmọ mi síta, tó ń pè é ní olórí òfo?" Mo ní eré ni. Wọ́n ní, "Eré tí gbogbo àdúgbò wa ti rí?" Mo ṣàlàyé títí, wọn ò gbà.

Mo wo bàbá. Wọn ò rẹ́rìn-ín mọ́. Wọ́n dìde, wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ mi.

"Ẹ má sunkún mọ́, ìyá wa. Ọmọ gidi lẹ bí. Dráàfù nìkan ni kò mọ̀."